Orin Tí Mo Sẹ́ ní Gáréèjì

Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ àbúrò mi fi ń pa rédíò nítorí mi.

Awakọ̀ èrò ni, Àkúrẹ́ sí Oǹdó ló ń ná. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ wo Màámi ní Oǹdó, òun ló sì máa ń gbé mi. Á dé ẹnu géètì mi ní Alágbàká kí agogo méje tó lù, á fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nítorí ó mọ̀ pé n kò fẹ́ ariwo. Bí mo bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lára rédíò. Orin fújì tó ń gbọ́ bọ̀ láti ilé á dákẹ́ lójijì, nígbà míì á gé sáàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà."

"Bàbá Ìbejì, ṣé dáadáa lo jí?"

Màá jókòó, màá gbé báàgì mi lé itan, a óò máa lọ. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí pé ó pa á. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe.

Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ni mí. Bàbá mi ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó títí ọlọ́jọ́ fi dé, òun ló sì kọ́ mi ní dò-rè-mí kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Ohùn áltò ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, mo sì ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba báyìí. Bàbá mi máa ń sọ pé nǹkan méjì ló wà láyé: orin tí èèyàn lè kọ sórí ìwé, àti ariwo. Ariwo ni fújì. Orin àwọn onímọ́tò ni, orin àwọn tí kò kàwé. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sọ síta nílé wa, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa mọ̀: orin àwọn ìmàle ni. Ìmàle sì ni Bàbá Ìbejì, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé tó ń pe ilé ní "ulé". Nígbà tí àbúrò mi mú un wá sọ́dọ̀ wa, èmi ni mo sunkún jù. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí ìbejì, àwọn ìbejì wọ ilé-ìwé girama, síbẹ̀ mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá dírẹ́bà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi rọ, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí a máa gbé wọn lọ sílé láti ọsibítù, àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà níwájú ilé wa tí wọ́n ní láti gùn. Èmi àti àwọn ẹbí dúró nísàlẹ̀, a ń jiyàn lórí bí a ṣe máa gbé wọn. Bàbá Ìbejì kò bá wa jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn," ó sì pọ̀n wọ́n gòkè bí ẹni pọn ọmọ. Ohun tí mo sọ sí i lẹ́yìn ni pé, "Rọra o, má gbé wọn ṣubú." Ohun tí mo sọ nìyẹn, dípò o ṣé.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ọdún tuntun, ó pè mí lórí fóònù ní ìdájí. Ẹnjíìnì ọkọ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ó ní òun ti bá ẹ̀gbọ́n òun kan ní gáréèjì sọ̀rọ̀, yóò gbé mi dé Oǹdó. Mo wọ táksí lọ bá ẹ̀gbọ́n náà. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Òun ló kọ́ Bàbá Ìbejì ní mọ́tò wíwà. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní obìnrin aboyún kan ti jókòó síwájú, kí n jọ̀ọ́ bá wọn wà lẹ́yìn. Àwa mẹ́ta la há síbẹ̀, èmi ni mo wà láàárín.

A kò tíì jáde nígboro tó fi tan fújì.

Mo wúkọ́, kò gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa dín in kù?"

Ó dín in kù díẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, oorun á máa kùn mí ni."

Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù nínú ọkàn mi. Orin kìn-ín-ní lọ, ìkejì lọ, ariwo ni wọ́n létí mi. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbín lẹ́bàá títì, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìlù níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ohùn tó ti há díẹ̀, tó ń fà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò:

Ẹni bá mi gbé ìyá mi sọdá,
Mi ò ní bi í pé ọmọ ta ni.
Ẹni bá mi gbé ìyá mi sọdá,
Mi ò ní bi í pé ibo ló ti ń gbàdúrà.

Ìgbà náà ni ìlù wọlé, àwọn elégbè sì dáhùn: "Mi ò ní bi í o, mi ò ní bi í."

Mo la ojú. Ẹ̀yìn kan ni mo rí lọ́kàn mi, ẹ̀yìn tó tẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àti ẹsẹ̀ Màámi méjèèjì tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò gbà láti wo ojú ẹni tó ni ẹ̀yìn náà. Ṣùgbọ́n omi ti dé ojú mi, nígbà tí elégbè sì tún padà wá, èjìká mi ti ń jó láàárín àwọn èèyàn méjì tó há mi mọ́lẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bá wọn gbè é, mo sì fi áltò sí i. Ohùn mi wọ inú orin náà bí ẹni pé wọ́n ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Obìnrin tó wà lápá òsì mi yíjú wò mí. Awakọ̀ náà wò mí nínú dígí.

"Háà! Màmá olóhùn iyọ̀! Ẹ máa bá wa gbè é, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó yẹ kí n panu dé. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ bá mi dá a padà."

Ó dá a padà. Nígbà tó parí, mo tún ní kí ó dá a padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Ó sọ fún wa pé àbúrò òun ló kọ ọ́, pé ibi ìkómọ ló ti máa ń ṣeré káàkiri agbègbè wa, kò tíì lórúkọ. Ìyá àwọn méjèèjì ló fi kọ orin náà. Àìsàn kọ lu ìyá náà lóko, ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé e wá sílé. Ìyá náà kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú, àmọ́ inú ilé rẹ̀ ló kú sí, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Wọ́n wá ọlọ́kadà náà títí, wọn kò rí i kí wọ́n dúpẹ́.

Nígbà tí a dé Oǹdó, ó fi orin náà sórí fóònù mi fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù náà padà fún mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ Bàbá Ìbejì ti dára. Ó wá gbé mi nílé, a sì yà sí gáréèjì kó lè kó èrò yòókù. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká wọlé sẹ́yìn, ẹni tó máa ń pè mí ní Màmá Kúáyà. Ó ń bi mí bóyá a ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ orin Àjíǹde. Mo ń dá a lóhùn lọ́wọ́ nígbà tí bàbá onírùngbọ̀n rí mi láti ọ̀ọ́kán, tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé fèrèsé mi.

"Màmá olóhùn iyọ̀! Ẹ káàárọ̀ o! Bàbá Ìbejì, ìwọ náà kì í sọ nǹkan. O ò sọ fún mi pé àǹtí rẹ mọ fújì gbè báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n dá orin àbúrò mi padà!"

Àwọn awakọ̀ kéékèèké mẹ́ta kan ti sún mọ́ wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì yíjú sí mi. "Ẹ̀yin, Àǹtí?" Ojú rẹ̀ là. Ní gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tó ti kanlẹ̀kùn títí tó wá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn pa àtẹ́wọ́. "Màmá Kúáyà kẹ̀? Fújì?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi kọ́," ni mo wí.

Bàbá náà rò pé eré ni. "Màmá, ẹ̀yin mà ni. Àárín lẹ jókòó sí."

"Bàbá, mo ní èmi kọ́. Èmi kì í gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé irọ́ ni mò ń pa?"

Ó wò mí. Ó wo báàgì tó wà lórí itan mi, níbi tí fóònù mi wà, tí orin ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó lè ní kí n mú fóònù náà jáde. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ló sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe máa ń rí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bí Àǹtí bá ní àwọn kọ́, àwọn kọ́ ni."

Bàbá náà mú ọwọ́ kúrò lójú fèrèsé. "Ẹ má bínú, mà. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ojú àgbà ló ń dà mí láàmú."

"Bàbá, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì o!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn wí, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín sí i. A ṣí ọkọ̀, a lọ. Bàbá Ìbejì kò tan rédíò. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, n kò lè wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ò rò pé màá pa orin náà rẹ́ lórí fóònù mi? N kò pa á rẹ́. Mò ń gbọ́ ọ níkọ̀kọ̀. Mò ń fi íàpíìsì gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, mò ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń fọ ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan, mo mú bébà, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní dò-rè-mí bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Kò ṣeé ṣe. Níbi tí ọkùnrin yẹn bá ti pe "ìyá mi", ohùn rẹ̀ á bọ́ sáàárín "mí" àti "fà", ibi tí kò sí lẹ́tà kankan. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí bébà fi ya. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bi ara mi pé ṣé orin ni kò péye ni, àbí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àbúrò mi pè mí. Ó ní ọkọ òun kì í jẹun dáadáa mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ gáréèjì ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ yẹn dé etí alága wọn, alága sì ti ní awakọ̀ tó gbé èèyàn dé Oǹdó tí kò sì dá a mọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ewu ni lójú títì. Ó ní bàbá onírùngbọ̀n kò gbọdọ̀ kó èrò mọ́ àfi bó bá mú ìwé wá láti ọsibítù ojú. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí bàbá náà ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, tí àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ń kó èrò kọjá níwájú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì kò tilẹ̀ lè wojú wọn mọ́," ni àbúrò mi wí. "Àǹtí, ó mà ṣe o. Àgbà náà kàn fi yín pe ẹlòmíràn ni, wọ́n wá sọ ọ́ di báyìí."

Mo ní, "Ó mà ṣe o."

Ìgbà kejì nìyẹn tí mo sẹ́ ẹ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àga ilé ìdáná, omi ìrẹsì sì hó dànù sórí sítóòfù.

Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, a kò tíì jáde ní Alágbàká tí mo fi ní, "Bàbá Ìbejì, dúró ná." Ó pa ọkọ̀ sẹ́bàá títì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ń wẹ Màámi lọ́wọ́, ẹ ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo gbé omi gbígbóná dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo gbọ́ yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ṣé kí n lọ sọ ní gáréèjì pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pa?" Ó di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni pé a ṣì ń lọ. "Àǹtí, ó pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí mo lè ṣe tí ẹ ó fi kà mí sí èèyàn yín. Mo rò pé bóyá èyí ni. Mo gbè sẹ́yìn yín. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fi rúbọ."

Mo ní kí ó máa gbé mi lọ sí gáréèjì.

Bàbá náà wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Epo ẹnjíìnì ti rin ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Mo kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀. "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Èmi ni. Èmi ni mo parọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Àwọn èèyàn pé lé wa lórí.

Alága wọn, ọkùnrin ńlá kan tí kò lè tó ogójì ọdún, gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Màmá, ó dára. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àánú bàbá ló ṣe yín? Orin wo lẹ ní ẹ gbọ́?"

Mo ti kọrin níwájú bíṣọ́ọ̀bù rí. Lọ́jọ́ náà, lórí ìkúnlẹ̀ nínú epo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orin náà. "Ẹni bá mi gbé ìyá mi sọdá..." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìlà kejì. Mo dé ìlà kẹta, bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ẹ dìde, mà."

N kò dìde. Ó tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ó lè jẹ́ èmi nìkan ló gbọ́. "Ojú mi kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin náà mọ̀. Jíjókòó tí mo jókòó síbí kò sì dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Orin ìyá mi ni, Màmá. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀, ẹ wá dà á nù níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ti gbọ́."

Kò sọ pé òun ti forí jì mí. Bàbá Ìbejì wá láti ẹ̀yìn mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo náà, bàbá sì fọwọ́ kan án lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí ó dìde lọ wá èrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, alága ní bàbá ló kàn láti kó èrò. Mo dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi kún tó sì lọ.

Nígbà tí mo dé Oǹdó, mo sọ fún Màámi bí mo ṣe ń ya irun wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá sí i.

"O sì kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀, Màámi. Orúnkún mi ń dùn mí báyìí gan-an."

"Jẹ́ kó dùn ọ́," ni Màámi wí, wọ́n sì yí orí padà kí n lè ya apá kejì.

Obìnrin ọ́fíìsì wa yẹn ti gbọ́, ó sì ti sọ fún àwọn akọrin. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún oṣù kan gbáko, n kò sì já a ní irọ́. N kò fẹ́ tàn yín jẹ o: títí di òní, ariwo ni ọ̀pọ̀ fújì tí Bàbá Ìbejì ń tan ṣì jẹ́ létí mi. Ó ń tan án, mò ń fara dà á, nígbà míì ọ̀kan á yọ tí n ó bi í pé ta ló kọ ọ́, á sì sọ fún mi títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ.

Mo ti wọ ọkọ̀ bàbá onírùngbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi mí síwájú. Ó béèrè àlàáfíà Màámi, ó kí mi bí ọmọlúwàbí ṣe ń kí èèyàn. Ìròyìn ló tan láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó. Mo fẹ́ ní kí ó bá mi tan orin ìyá rẹ̀, ó ti dé orí ahọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ẹnu sọ ọ́.